Akọ̀wé Owó Tí Kò Ní Ọ̀gá

Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń tọ̀ wá wá ní Igbó-Ọrà níhìn-ín, tí àwọn òbí wọn pàápàá sì ń dá wa dúró lójú ọ̀nà, láti bi wá ní ìbéèrè kan náà: Ǹjẹ́ ènìyàn lè fi títọ́jú ìwé owó àwọn oníṣòwò jẹun ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò gbé pọ̀, tí kò sì sí ọ̀gá tí yóò san owó oṣù? Láti ọdún 2017 ni a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ara wa, nítorínáà ó yẹ kí a lè dáhùn. A sì rò pé ó sàn kí a dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìwé ìròhìn yìí ju kí a máa tún un sọ ní ẹnu ọ̀nà ilé. Ìdáhùn kúkúrú ni pé ènìyàn lè jẹun níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ yó ní gbogbo ìgbà. Ìdáhùn gígùn ni èyí tí ó tẹ̀lé e yìí, ọ̀rọ̀ ìṣirò kò sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni a fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn tí a kò ní dárúkọ. A máa ń lọ ní ọjọ́ Ajé, a sì máa ń padà wálé ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbàtí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, a wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ìwé pé kí wọ́n máa lọ. Owó tí ó yẹ kí ó bá ìwé náà rìn kò sì bá a rìn. Báyìí ni a ṣe padà sí Igbó-Ọrà pátápátá, sọ́dọ̀ aya àti ọmọ mẹ́rin, pẹ̀lú àpótí ìwé kan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nílé tí a kò kà sí ọrọ̀ nígbà náà, èyíinì ni ìwé owó ìjọ tí a ti ń tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún gẹ́gẹ́ bí katikíìsì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ni a máa ń kà á sí etí gbogbo ìjọ, ìyá arúgbó tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà yóò sì dìde bèèrè pé, “Ẹgbẹ̀rún méjì tí mo san ní ọjọ́ ìkórè dà?” Bí a kò bá rí i fi hàn án, a kò lè jókòó. Ẹni tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá ti yẹ ìwé rẹ̀ wò kò tún bẹ̀rù ọ̀dítọ̀ kankan mọ́.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ mọ̀ pé òun kọ́ ni yóò kọ́ àwọn ènìyàn wa ní ìṣirò. Àwọn bàbá wa ti ń ka owó ẹyọ kí ìwé tó dé: ogójì ẹyọ ní okùn kan, àádọ́ta okùn ní ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá ní ọ̀kẹ́ kan, láìsí kálàmù, láìsí tákàdá. Alájọ ń bẹ láàárín ọjà wa títí di òní tí ó ń fi káàdì pélébé tọ́jú owó ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni ó ń mú gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń bá a jiyàn. Olóúnjẹ a máa fi ẹfun tàbí èédú fa ìlà sí ara ògiri, ìlà kan fún abọ́ kan, yóò sì mọ ti birikìlà yàtọ̀ sí ti awakọ̀. A mọ ìyá kan tí ń ta ẹ̀gúsí tí ó lè ka gbèsè ènìyàn mẹ́tàdínlógún fún ọ lórí ìdúró, láìṣi ọ̀kan, tí yóò sì fi ọjọ́ tí olúkúlùkù wọn ṣe ìlérí kún un. Ẹni tí ó bá wọ inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ tí ó ń sọ pé òun wá la àwọn ènìyàn lójú, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín in, a kò sì ní bá a kẹ́dùn.

Wàhálà ìwé orí ni pé orí ènìyàn ni ó wà. Bí orí bá ti sùn, ìwé ti pa dé. Ní ọdún 2018 ni ìyá kan tí ń ta lafún àti aṣọ papòdà ní àdúgbò wa. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn jẹ ẹ́ lówó láti Igbó-Ọrà títí dé Igangan. Ara ògiri yàrá rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀ sí, ìlà funfun lórí ìlà funfun, pẹ̀lú àmì tí òun nìkan mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbàtí òkú kú, tí ìsìnkú sì ń bọ̀, àwọn ọmọ kó owó jọ, wọ́n kun ilé ní ọ̀dà tuntun láti òde dé ìyẹ̀wù, kí ojú má baà tì wọ́n níwájú àlejò. Kí wọ́n tó rántí ògiri náà, ọ̀dà ti gbẹ. Ènìyàn mẹ́ta wá fúnra wọn láti san ohun tí wọ́n jẹ, kí Ọlọ́run bùkún wọn. Àwọn ìyókù jẹ jọ̀lọ̀ọ̀fù ìsìnkú, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹnì kan tilẹ̀ wá tí ó sọ pé olóògbé ni ó jẹ òun. Àwọn ọmọ pín sí ọ̀nà méjì lórí pé kí a san án tàbí kí a má san án, àti pé títí di bí a ti ń kọ èyí, wọn kò tíì jọ jókòó jẹun.

Kò pé oṣù kan lẹ́hìn ìsìnkú yìí tí ìyá mẹ́rin fi wá sọ́dọ̀ wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tí ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ohun tí wọ́n wí kò yàtọ̀ púpọ̀: “Bàbá Katikíìsì, ẹ bá mi kọ ti ògiri mi sínú ìwé.” Àwọn wọ̀nyí ni oníbàárà wa àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó dé, a ti gbé tábìlì síta fún oṣù méje, a sì ti kọ pátákó tí ó dára gidigidi. Ní oṣù àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ó wọlé. Ní oṣù kejì, 3,000 náírà wọlé, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fẹ́ kí a bá òun kọ ìwé ìwáṣẹ́, èyítí kì í ṣe iṣẹ́ tí a kọ sára pátákó rárá. A gbà á.

Ìwé tí a kọ́kọ́ ṣí ni ti ara wa. Ẹni tí ń gba owó oṣù mọ iye tí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní ọ̀gá kò mọ̀. Nítorínáà a ya àpò méjì sọ́tọ̀, àpò iṣẹ́ àti àpò ilé, aya wa ni ó sì ń tọ́jú ti ilé. Ohunkóhun tí ó bá wọlé, inú àpò iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Láti ibẹ̀ ni a ó ti mú iye kan náà fún ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbá à jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ọjà tà tàbí ọ̀sẹ̀ tí ó tutù. Bí a bá fẹ́ yá owó nínú àpò ilé, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì san án. Àwọn ọ̀rẹ́ wa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní báwo ni bàálé yóò ṣe máa jẹ ìyàwó rẹ̀ ní gbèsè. A ó tún dé orí ọ̀rọ̀ yìí níwájú.

Ní ti iye tí à ń gbà, a máa ń sọ ọ́ kí a tó ṣí ojú ìwé. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ń san lóṣooṣù. Àwọn àgbẹ̀ ń san nígbàtí wọ́n bá kórè ẹ̀gúsí tàbí àgbàdo, nítorí kò sí ọgbọ́n nínú bíbèèrè owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní àkókò tí irúgbìn rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀. Àwọn kan ti rọ̀ wá pé kí a máa gba ìdá kan nínú èrè wọn dípò owó iṣẹ́. A kò gbà. Akọ̀wé tí ó bá ń pín nínú èrè yóò fẹ́ kí èrè náà tóbi, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ran ojú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí a kì í ṣe pẹ̀lú. A kì í ṣe aṣírò-owó tí ó gba ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ àwọn wọ̀nyẹn tí à ń pè ní ICAN ni òfin ọdún 1965 dá sílẹ̀, èkejì rẹ̀ tí à ń pè ní ANAN sì gba àṣẹ ìjọba ní ọdún 1993. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni ó lè fọwọ́ sí ìwé ilé-iṣẹ́ ńlá pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tiwa ni láti kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, nígbàtí ọkàn wa bá rẹ̀, ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá Williams ni a máa ń rántí, ẹni tí a bí ní ọdún 1919, tí ó sì kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 lẹ́hìn tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé àṣẹ aṣírò-owó ní ìlú Òyìnbó, ní ọdún 1949. Ó padà wálé, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ibi tí wọ́n ti ń gba owó-orí. Ní ọdún 1952, ó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ní àkókò náà, àwọn Òyìnbó ni ó di iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mú ṣinṣin. Nítorínáà ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú tí ń ṣòwò ni ó ti rí iṣẹ́: ìwé ìròhìn Azikiwe, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ojúkwu, ilé-iṣẹ́ onítábìlì àti àga Fáwẹ̀hìnmi. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á gbọ́. A kò fi ara wa wé e, ẹ jọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ wa pé ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ará ilé.

Nísisìyí, ọ̀nà tí à ń gbà kọ ìwé náà. Ní ọdún 1494, ní ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, ọkùnrin ẹlẹ́sìn kan tí ń jẹ́ Luca Pacioli tẹ ìwé ìṣirò kan jáde, nínú èyítí ó ti ṣe àlàyé bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti ń kọ ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì, lẹ́ẹ̀kan ní apá ohun tí ó wọlé, lẹ́ẹ̀kan ní apá ohun tí ó jáde. Òun kọ́ ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ni ó tan ìmọ̀ náà ká. Nígbàtí a kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣe àlàyé èyí fún àwọn ìyá ọjà, ojú wọn ń wo ibòmíràn. Ní ọjọ́ kan, a rántí ibi tí a wà. Ta ni ó wà ní Igbó-Ọrà tí kò mọ ìbejì? Ìlú yìí tí àwọn ènìyàn ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá láti wo ìbejì rẹ̀! A ní, “Ẹ̀yin ìyá, owó kì í bí ẹyọ ọmọ kan. Bí ẹ bá san owó igi ìdáná, owó ti jáde, èyíinì ni Táyé. Igi ti wọlé, èyíinì ni Kẹ́hìndé. Bí ẹ bá kọ Táyé tí ẹ dìde lórí ẹní, Kẹ́hìndé ṣì wà nínú.” Ọ̀kan nínú wọn, tí ó bí ìbejì lẹ́ẹ̀méjì, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bèèrè bí a bá ti kọ nǹkan, pé, “Kẹ́hìndé rẹ̀ ńkọ́?”

Ẹ jẹ́ kí a mú gàrí ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ẹ̀gẹ́ ni ó bọ́ ọ̀pọ̀ ilé nínú Ìbàràpá méjèèje. Kí a sọ pé ìyá kan ra ẹ̀gẹ́ 60,000 náírà, ó sì ta gbogbo gàrí tí ó jáde níbẹ̀ ní 120,000. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò wí pé òun jèrè 60,000. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bó ẹ̀gẹ́ gba 12,000. Ọkọ̀ gba 8,000. Lílọ̀ àti fífún gba 10,000. Igi ìdáná gba 9,000. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ jẹ́ 99,000, èrè rẹ̀ sì di 21,000. Nínú èyí náà, kò tíì ka ọjọ́ mẹ́rin tí òun tìkararẹ̀ fi jókòó ti agbada nínú èéfín, bẹ́ẹ̀ ni kò ka gàrí tí àwọn ọmọ bù mu. Ojú ìyá tí a kọ́kọ́ kọ èyí fún sú. Ó wò wá bí ẹni pé àwa ni a jí owó náà.

Èyí tí ó burú jù ṣì wà níwájú. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kò pẹ́ rárá tí jálá epo bẹntiróòlù kan, tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀, fi kọjá 480 náírà. Owó ọkọ̀ gòkè, owó ẹ̀rọ ìlọ̀ gòkè, ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú sì gòkè. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa: bí ẹ̀gẹ́ 60,000 bá di 75,000 kí ìyá náà tó padà sí oko, 15,000 nínú èrè 21,000 rẹ̀ ti bá ẹ̀gẹ́ tuntun lọ, 6,000 ni ó kù. Bí ó bá ti fi 21,000 náà ra aṣọ ẹbí, òwò rẹ̀ ti kéré sí i láìmọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó “jèrè.” Ọ̀pọ̀ òwò ni ó kú báyìí ní ọdún náà, tí àwọn ènìyàn sì ń wá ọ̀tá tí ó ṣe é. Láti ìgbà náà ni a ti fi ojú ìwé kan kún ìwé oníbàárà kọ̀ọ̀kan, níbi tí à ń kọ iye tí a ó fi tún ọjà náà rà, kì í ṣe iye tí a fi rà á. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ìwé yìí nìkan ni a kọ́ ẹnikẹ́ni, a gbàgbọ́ pé owó iṣẹ́ wa tọ́ sí wa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kan náà ni owó bébà ti wọ́n gógó, nígbàtí ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ pa àwọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà dà, títí tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi dá a ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé kí a máa ná ti àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún. Àwọn tí kò gba tíránsífà rí ni ó ń gbà á lójijì, ní orí fóònù ọmọ, ní orí fóònù aládùúgbò. Nígbà tí ó ṣe, áláàtì pọ̀ bí eéṣú, kò sì sí ẹni tí ó mọ èwo ni owó ẹ̀lùbọ́, èwo ni owó tí àbúrò fi ránṣẹ́. Oṣù méjì yìí ni ó fún wa ní iṣẹ́ jù lọ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Ẹ̀rù agbowó-orí ń ba àwọn ènìyàn wa púpọ̀, wọ́n sì rò pé ìwé ni yóò fi wọ́n hàn. A máa ń sọ fún wọn pé òfin tuntun tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, kò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí à bá gba owó-orí lé lórí láàárín ọdún kan, àti pé púpọ̀ nínú wọn kò kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé, kí ni yóò fi hàn pé òun kò kọjá ibẹ̀? Àwọn kan gbọ́. Àwọn mìíràn kò gbọ́.

Ọ̀kan wà nínú àwọn oníbàárà wa, ọkùnrin tí ó jù wá lọ ní ọjọ́ orí, tí ó ní ẹ̀rọ ìlọ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù. Owó tí òun nìkan ń san fún wa tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta gbogbo ohun tí ń wọlé lóṣooṣù. Ní oṣù kìíní ọdún kan, ó pè wá sí ìyẹ̀wù, ó fún wa ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sì wí pé: “Bàbá Katikíìsì, ẹ̀yin náà mọ bí ayé ti rí. Ẹ bá mi kọ ìwé kan fún àwọn tí yóò yá mi lówó, kí ó sanra. Ẹ kọ ọ̀kan fún àwọn agbowó-orí, kí ó rù. Èyí tí ó jẹ́ òtítọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ mi.” Ó sọ ọ́ láìfi pamọ́, bí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ aṣọ lọ́wọ́ télọ̀.

A wí fún un pé, “Bàbá, bí ọjọ́ bá pẹ́ títí tí ẹ bá re ilé àwọn àgbà, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí a fi han àwọn ọmọ yín?” Ó rẹ́rìn-ín ní àkọ́kọ́. Nígbàtí ó rí i pé àwa kò rẹ́rìn-ín, inú bí i. Ó ní òun kò bẹ̀ wá láti sọ nípa ikú, akọ̀wé ni òun pè, òun kò pe oníwàásù. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ọmọ rẹ̀ fi wá kó àwọn ìwé náà. A fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a sì gba ìfọwọ́sí rẹ̀ pé ó kó wọn.

A kò ní ìròhìn ìparun kan láti sọ nípa ọkùnrin náà. Ó rí akọ̀wé mìíràn, a gbọ́ pé ó rí owó náà yá, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń lọ̀ títí di òní. Ilé tiwa ni ìyà náà dé. Ọmọ wa kejì wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àkókò owó sì nìyí. Aya wa ti ń dá èsúsú láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ọwọ́ tirẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án láti kó o. Ọjọ́ méjì ni kò fi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó gbé owó náà lé orí tábìlì, ó sì wí pé, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ jẹ mí.” A kọ ọ́, Táyé àti Kẹ́hìndé. Oṣù mẹ́rìnlá ni a fi san án tán. Nígbà náà, iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ti lé sí i, ó sì tọ́ka sí ojú ìwé tí à ń kọ fún àwọn oníbàárà, pé àwa tí a ń kọ́ ẹlòmíràn ní iye tí a ó fi tún ọjà rà, kí a fi ìyókù kún un. A fi kún un.

Àwọn kan bi wá bóyá ó yẹ kí a fi owó ilé-ìwé ọmọ wewu nítorí ìlà lórí tákàdá. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìdèrè. Láti ìgbà òfin ọdún 1935 ni a ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba pé kí wọ́n ní ìwé owó tí a lè yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí kò forúkọ sílẹ̀ pọ̀ káàkiri, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí à ń kọ ìwé fún níbẹ̀. Ìjà dé nítorí 180,000 náírà tí ẹnikẹ́ni kò rí. Àwọn ará apá kan kì í kí àwọn ará apá kejì mọ́, kódà ní ẹnu odò. Ohun kan ṣoṣo tí apá méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé kí a pe Bàbá Akọ̀wé kí ó wá ka ìwé. A kà á lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ni a yá ní owó náà, ọjọ́ wà níbẹ̀, ìtẹ̀ka wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọmọ ẹni tí ń pariwo jù. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọn ìdí aṣọ wọn, ìyá tí ń pariwo sì béèrè lọ́wọ́ wa bí a bá ti jẹun. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí lè sọ pé akọ̀wé yìí ti kọ ìwé tí ó sanra fún ẹnì kan rí, ta ni ìbá pè wá lọ sí abẹ́ igi náà?

Ohun tí ó kù láti sọ kò pọ̀. Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn. Akọ̀wé tí ó bá ń sọ ní ilé ẹmu pé báyìí ni lágbájá jẹ gbèsè tó, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kọ̀ǹpútà dára, a ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n iná kì í fìgbà gbogbo wà, ìyá ọjà sì fẹ́ fi ìka tirẹ̀ kan ojú ìwé, nítorínáà ìwé pẹ̀lú kálàmù ni à ń kọ́kọ́ lò. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé oníbàárà kan ṣoṣo ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ méjì ni ó ń bá wa ṣiṣẹ́ nísisìyí, ọ̀kan kàwé ní Èrúwà, èkejì kò ju ìwé mẹ́wàá lọ, èkejì yìí ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Ààyè ṣì wà fún àwọn mìíràn: kò sí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ayétẹ̀ tí àwa mọ̀, ẹnì kan péré ni a sì mọ̀ ní Lánlátẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń kọ èyí, ìyá kan ní Tápà tí kò ní owó lọ́wọ́ fi kóńgò ẹ̀gúsí san owó oṣù mẹ́ta fún wa. A béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan lọ́jà ní ọjọ́ náà, a kọ ọ́ sí ìwé wa ní apá ohun tí ó wọlé, a kọ ọ́ sí ìwé tirẹ̀ ní apá ohun tí ó jáde, ó sì tẹ̀ka sí i. Aya wa ti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ se ọbẹ̀ lánàá. Ó ti kọ èyíinì pẹ̀lú sínú ìwé ilé.